Ìbò aráàlú àti ìbò àwọn aṣojú ní Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ó tọ́ kí Hillary Clinton fi ìbò tó lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ ju Donald Trump lọ lọ́dún 2016, kó sì tún fìdí rẹmi. Lójú tèmi, kò tọ́ rárá.

Kì í ṣe ìbò aráàlú ló ń yan ààrẹ ní tààrà: aṣojú olùdìbò 538 (Electoral College), tí wọ́n pín fún àwọn ìpínlẹ̀, ló ń yàn án, ẹni tó bá sì rí 270 ló wọlé. Wyoming, tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 600,000, ní aṣojú mẹ́ta, California tó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 39 èèyàn sì ní 54. Bí ẹ bá pín iye èèyàn sí iye aṣojú, ẹ ó rí i pé agbára ìbò ará Wyoming kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ará California mẹ́rin.

Èyí tó dùn mí jù ni pé, yàtọ̀ sí ìpínlẹ̀ Maine àti Nebraska, ẹni tó bá borí ní ìpínlẹ̀ kan, ì báà jẹ́ ìbò kan ṣoṣo ló fi borí, ló ń kó gbogbo aṣojú ibẹ̀. Ní Florida lọ́dún 2000, ìbò 537 péré ni George W. Bush fi ṣáájú Al Gore, ó sì kó gbogbo aṣojú 25 ibẹ̀ lọ, ó sì fi bẹ́ẹ̀ di ààrẹ, bẹ́ẹ̀ Gore ló ní ìbò jù káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan ní ètò yìí ló ń dáàbò bo ìpínlẹ̀ kéékèèké, ṣùgbọ́n Pennsylvania àti irú rẹ̀, níbi tí ìdíje ti le, ni àwọn olùdíje ń rọ́ lọ, wọn kì í sábà dé Wyoming.