Ta Ló Ya Uncle Scrooge Gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ń palẹ̀ ìwé dádì mi mọ́ ni mo rí kọ́míìkì Uncle Scrooge mélòó kan, pẹ́pẹ́yẹ olówó tó jẹ́ ahun yẹn. "Walt Disney" ló wà lára gbogbo ẹ̀, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé bàbá kan wà tó yà á. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí ló dé tí wọn ò kọ orúkọ ẹ̀? Ṣé ó tiẹ̀ jèrè ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ pọ́ńbélé lọ̀rẹ́ yín sọ. Carl Barks lorúkọ bàbá náà, Oregon ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1901, etí ẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa, ó sì ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kó tó dé sítúdíò Disney ní 1935. Iṣẹ́ kàtúùnù ló kọ́kọ́ ń ṣe ńbẹ̀, ìgbà tó yá wọ́n rí i pé orí ẹ̀ pé sí ìtàn, ni wọ́n bá gbé e sọ́dọ̀ àwọn tó ń ro ìtàn. Ó fibẹ̀ sílẹ̀ ní 1942, ogun ti dé, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ náà ń yọ imú ẹ̀ lẹ́nu, ló bá lọ ń sin adìẹ ní California, ó wá ń ya Donald Duck fún Western Publishing tí Disney fún láṣẹ láti máa ṣe kọ́míìkì.

Òun ló dá Uncle Scrooge sílẹ̀ nínú ìtàn Kérésì 1947 kan, ìtàn kan ṣoṣo yẹn ló rò pé òun máa lò ó fún, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1952 Scrooge ti ní ìwé tiẹ̀. Nínú ìtàn àkọ́kọ́ inú ìwé yẹn lẹ ti máa rí bàbá arúgbó yìí tó ń bẹ́ sínú owó gbuurugbu, ó ń walẹ̀ nínú ẹ̀ bí òkété, ó ń dà á sókè kó máa já lu òun lórí. Barks ló ro ìtàn, òun ló kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, òun ló fi pẹ́ńsù yà á tó tún fi yíǹkì tẹ̀ lé e, ìyàwó ẹ̀ Garé máa ń bá a kọ lẹ́tà inú ẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ Walt Disney nìkan ló ń jáde, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo kọ́míìkì Disney nígbà yẹn nìyẹn, owó ojú ìwé tó bá yà ni wọ́n ń san fún un, kò ní ìpín kankan nínú Scrooge. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Àwọn ọmọdé tó ń kà á ló dá ọwọ́ ẹ̀ mọ̀ o! Wọn ò mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n kàn ń pè é ní ayàwòrán tó dáa yẹn, nígbà tó di nǹkan bí 1960 ni wọ́n tó wá a kàn, tí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ohun kan wà tí mi ò ní bò mọ́lẹ̀ fún yín. Nínú ìtàn kan ní 1949, Scrooge fi màgòmágó gba ilẹ̀ àwọn ará Áfíríkà, Barks ò sì gbè é lẹ́yìn rárá, àmọ́ bó ṣe ya àwọn èèyàn wa ńbẹ̀ ò dáa, ètè ńláńlá, gbogbo ẹ̀ rí wúruwùru, wọ́n padà tún un yà nígbà tí wọ́n ń tún un tẹ̀.

Ní ti èrè, ó fẹ̀yìn tì ní 1966, 1971 ni Disney tó gbà á láyè kó máa fi ọ̀dà ya àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà tà, àwọn olówó sì rà á. Ó pé ẹni ọdún 99 kó tó kú ní August 2000.

Ẹ wo ọdún tó wà nínú lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, tó bá wà láàárín 1952 sí 1966, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ẹ kó o sínú nylon, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya.