“Ó ní” nínú Ògbójú Ọdẹ: ta ni ń sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Súrùlérè ni mo ń gbé. Èmi àti ọmọ mi ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní alaalẹ́, ṣùgbọ́n “ní” inú rẹ̀ ń dà á láàmú. Báwo ni kí n ṣe là á yé e?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Ohun tí ó bá tẹ̀ lé “ní” ni kí ó máa wò. Ẹ rántí ohun tí à ń gbọ́ nínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gba: “Kọ̀ńdọ́ ní òun kò ní ṣéńjì, òun kò sì ní í dúró.” “Ní” àkọ́kọ́, tí odindi gbólóhùn tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ sísọ ni, èkejì, tí ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan tẹ̀ lé, ohun ìní ni, ẹ̀kẹta ń sọ ohun tí kọ̀ńdọ́ kọ̀ láti ṣe. Èyí tí ń fi ibi hàn, bí “ní Èkó”, kò ṣòro.

Ibi “ní” ti ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ wà. Nínú ìwé Fágúnwà yìí, tí ó jáde ní 1938, arúgbó kan ni ó wá bá òǹkọ̀wé pé kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Bí Àkàrà-ògùn, arúgbó náà, sì ti ń sọ tirẹ̀, àwọn tí ó pàdé nínú igbó tún ń sọ tiwọn láti ẹnu rẹ̀, tí ohùn fi gun orí ohùn. Nítorí náà, “mo ní” kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo jálẹ̀ ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ wo arọ́pò-orúkọ. “Ó ní òun ń bọ̀”: ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ó ń bọ̀. “Ó ní ó ń bọ̀”: ẹlòmíràn ni. “Ó ní, ‘Mò ń bọ̀’”: ọ̀rọ̀ ẹnu onítọ̀hún gan-an ni a gbé kalẹ̀. Mo fẹ́ràn “òun” yìí púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èdè ni kò ní irú rẹ̀. Bí ọmọ bá sì gbọ́ “ó lóun ń bọ̀” lẹ́nu yín, ẹ sọ fún un pé “ó ní òun” náà ni, tí “n” di “l”. “Ó ní kí n jókòó” ní tirẹ̀, àṣẹ ni.

Ní alẹ́ òní, kí ó mú pẹ́ńsùlù, kí ó fa ilà sí abẹ́ gbogbo “ní” tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní ojú ìwé kan péré, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.