Ṣé lóòótọ́ ni Gang Beasts àtijọ́ dùn ju tuntun lọ?

Àbúrò, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Gang Beasts, géèmù ìjà yẹn, o sì ń gbọ́ káàkiri pé ti àtijọ́ ló dùn jù. O fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àbí àwa tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ kàn ń ráhùn. Méjèèjì ni.

Ọdún 2014 ló bọ́ sórí Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí wọn ò tíì ṣe é parí. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2017 kí wọ́n tó ní ó ti pé. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀dà kan ò jọ èkejì. Kì í ṣe géèmù tó o máa tẹ bọ́tìnì kí ẹ̀ṣẹ́ lọ bí wọ́n ṣe yà á sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ìwúwo àti oríkèé ara àwọn oníjà inú ẹ̀ bí ìjà ṣe ń lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Wọ́n á jù ẹ́ sílẹ̀ lórí Gondola, pèpéle tó rọ̀ mọ́ ara ilé gíga yẹn, wàá di etí ẹ̀ mú, wàá sì fa ẹni tó jù ẹ́ lọ́wọ́ lọ sísàlẹ̀. Tí wọ́n bá yí nọ́ńbà kan péré padà nínú ìṣirò yẹn, ìjà ti di òmíràn. Unity, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni wọ́n fi kọ ọ́, Unity 5 tó jáde lọ́dún 2015 sì fi PhysX 3.3, apá tó ń ṣe ìṣirò yẹn, rọ́pò 2.8: géèmù tó bá gba ibẹ̀ kọjá ní láti tún ìwúwo àwọn nǹkan inú ẹ̀ tò. Ojú wa ò tàn wá jẹ.

Ìgbà tí mo fẹ́ gba ẹ̀dà àtijọ́ padà lojú mi rí màbo. Ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní ọ̀mọ̀ràn ní, "Ṣáà gbé fáìlì àtijọ́ lé orí tuntun." Ṣáà! Mo jókòó tì í lóru títí ó fi wọlé tán, ó ṣiṣẹ́, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n wá. Kí wọ́n tó dé, ìmúdójúìwọ̀n ti wọlé, ó ti gbé tuntun bo gbogbo ẹ̀. Mo tún un ṣe, ó tún bò ó. Mo padà lọ bá ọ̀mọ̀ràn, ó ní kọ̀ǹpútà mi ló ń ṣàìsàn, kí n nu gbogbo ẹ̀ kí n tún un fi sí. Mo nù ún. Gbogbo bí mo ṣe to pádì mi bá a lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé òun fúnra ẹ̀ ò ṣe é rí, ó kà á níbì kan ni!

Inú fódà mìíràn pátápátá ni kó o gbé ẹ̀dà àtijọ́ sí, kò gbọ́dọ̀ sí lára ti tuntun. Lórí Steam, wo Properties géèmù náà, wo Betas, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀dà míì sí, bóyá wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀. Tí kò bá sí, lọ sí kọ́nsóólù Steam, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, kó o lo download_depot, àṣẹ tó ń gba ẹ̀dà àtijọ́ wá, ìyókù ò le. Àmọ́ jọ̀ọ́, má gba .exe, fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tó o bá ti tẹ̀ ẹ́, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó rí. Ẹni tó bá sì ní kó o fi ọ̀rọ̀ aṣínà Steam ẹ wọlé níbòmíràn, olè ni.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ: ẹni tó wà lórí àtijọ́ ò lè bá ẹni tó wà lórí tuntun jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà yín ní láti bára mu. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá, ìdìmú máa ń pẹ́ kó tó dé, o ti di ẹni mú lójú ẹ, ẹni náà ti lọ.

Ah, bóyá òótọ́ ni lo béèrè. Tó bá jẹ́ àwọn tí o ò mọ̀ rí lo máa ń bá jà, jókòó sórí tuntun. Tí ẹ bá jọ wà níyàrá kan náà, tí pádì yín sì pé, wá ti àtijọ́.