Sídì onípáálí pupa tí ẹ̀rọ Blu-ray kọ̀ láti gbé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìta-Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú níbí ni mò ń gbé. Àbúrò mi kó ẹrù wálé láti Amẹ́ríkà, ó fún mi ní sídì fíìmù mẹ́rìnlá, inú páálí rọ́bà pupa ni gbogbo wọn wà. Mo tìtorí wọn ra ẹ̀rọ Blu-ray tòkunbọ̀. Kò gbé ẹyọ kan. Atúnrédíòṣe àdúgbò wa ní lẹ́ǹsì rẹ̀ ló ti kú, kí n mówó wá kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kan náà sì ń gbé àwọn DVD Yorùbá mi dáadáa. Kí ni kí n ṣe? Èmi, Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tíì fún un ní kọ́bọ̀. Páálí pupa yẹn ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi kí n tó ka ìbéèrè yín tán. Búlúù ni páálí Blu-ray sábà máa ń jẹ́. Pupa jẹ́ ti HD DVD, orogún rẹ̀ nínú sídì fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ. Ẹ wo òkè páálí náà, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yín. Sídì orogún lẹ fi há a lẹ́nu.

Iná búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò kan náà làwọn méjèèjì fi ń ka sídì. Ibi tí ọ̀nà wọn ti pín ni bí ohun tí wọ́n kọ sínú sídì ṣe jìn tó. Ti Blu-ray fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú awọ, 0.1 mm péré. Ti HD DVD wọlé dé 0.6 mm. Ẹ fi awò tí ẹ fi ń ka Bíbélì wo orúkọ tí wọ́n kọ sára dáńfó tó wà lókèèrè, ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ á ṣú. Bó ṣe ń ṣe lẹ́ǹsì yín nìyẹn. Ẹ lè ní ṣebí 0.6 mm ni DVD náà, ó ṣe wá ń gbé e? Ojú mìíràn ni wọ́n ṣètò fún ìyẹn, pẹ̀lú iná pupa tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣètò ojú fún HD DVD nínú ẹ̀rọ yín, bí wọ́n sì pààrọ̀ lẹ́ǹsì nígbà mẹ́wàá, irú rẹ̀ náà ni wọn ó tún fi sí i.

Ìjà ọlọ́jà ló bí méjèèjì. Toshiba ló gbé HD DVD dání, Microsoft wà lẹ́yìn rẹ̀. Sony, Panasonic àti Philips wà pẹ̀lú Blu-ray. Ọdún 2006 ni méjèèjì dé ọjà. Ìpele kan lára Blu-ray ń gba gígábáìtì 25, ti HD DVD ń gba 15, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ HD DVD kò wọ́n tó ti Blu-ray, àwòrán rẹ̀ ò sì burú rárá. Lójú tèmi, géèmù ló ṣẹ́ ẹ. Sony ki ẹ̀rọ Blu-ray bọ inú PlayStation 3, ẹni tó ra géèmù fọ́mọ ti ra ẹ̀rọ fíìmù láìmọ̀. Ti Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, ọ̀tọ̀ lẹ ó tún lọ ra ẹ̀rọ HD DVD láti so mọ́ ọn. Nígbà tó di January 4, 2008, Warner, ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá, kéde pé Blu-ray nìkan làwọn máa ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ méje tí Toshiba fi juwọ́ sílẹ̀, ní February 19. (Sony yìí kan náà ni VHS ti fìyà jẹ Betamax rẹ̀ nígbà kásẹ́ẹ̀tì. Ó gbẹ̀san.) Àwa ò tiẹ̀ gbọ́ ariwo ìjà yẹn ní Ìkòròdú. VCD là ń rà ní Sábó nígbà náà, Apá Kìíní àti Apá Kejì, torí ọ̀kan ò lè gbà ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ta wọ́n dànù, ẹ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí èyí tí kò ní àwòrán lójú kankan, tí ojú méjèèjì ń dán bíi dígí, tó jẹ́ àyíká ihò àárín nìkan ni wọ́n kọ nǹkan wínníwínní sí, oríire nìyẹn. HD DVD ló wà lójú kan, DVD lásán ló wà lójú kejì. Ẹ yí i padà. Bí Blu-ray yín bá tún kọ̀ ọ́ nítorí pé ti Amẹ́ríkà ni, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú. Àwọn yẹn kì í sábà bèèrè ibi tí sídì ti wá.

Fún ìyókù, ẹ pe àbúrò yín. Bí ẹ̀rọ tó fi ń wò wọ́n bá ṣì wà nílé rẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Ẹ má fowó ra òmíràn nítorí fíìmù mẹ́rìnlá, kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́. Tó bá sì dé, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, láìsí step-down, ìṣẹ́jú kan péré ni iná wa máa fi jó o.

Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé tó bá fẹ́ ra Blu-ray ránṣẹ́, kó wo lẹ́tà agbègbè tó wà lẹ́yìn páálí. A ni ti Amẹ́ríkà, B ni tiwa níbí. Èyí tí wọ́n kọ A, B àti C sí pọ̀ ni kó rà.