Wọ́n ní ìtọ́jú ilé tí mo yá kò dáa tó: ṣé kí n fèsì ni àbí kí n dákẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Alábòójútó ilé tí mo yá wá ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún bá ọmọ mi ṣeré. Nígbà tí ìwé àbọ̀ rẹ̀ máa dé, ṣe ló dà bíi pé ilé ẹlòmíràn ló ń sọ. Ó ní ófùn ní ọ̀rá, nǹkan dúdú ń hù lára ògiri yàrá mi, ọmọ fi kíréyọ́ọ̀nù ya nǹkan sára ògiri yàrá tirẹ̀ (òótọ́ ni), kápẹ́ẹ̀tì ti jẹ lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ sì ń jò. Ẹ̀rọ omi yìí, èmi fúnra mi ti fi tó wọn létí lẹ́ẹ̀mejì! Ó wá kádìí rẹ̀ pé "ìtọ́jú ilé kò tẹ́ni lọ́rùn." Wọ́n fún mi ní ọjọ́ 14. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi. Ṣé kí n fèsì, àbí kí n kàn ṣàtúnṣe kí n sì panu mọ́? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ kọ̀ láti bá mi tún àdéhùn ṣe bí ọdún bá pé.

Ìdáhùn

Ẹ fèsì. Ẹ fi ìwé fèsì, kí ẹ sì dáhùn ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àbójútó ilé ni iṣẹ́ mi, èmi náà máa ń kọ irú ìwé tí wọ́n kọ sí yín yìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹ̀dà rẹ̀ dé ọwọ́ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé gan-an ni wọ́n kọ ọ́ fún, ẹni tó ṣeé ṣe kó má tíì fojú kan ilé náà láti ọdún pípẹ́. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò ní àwọn ilé mìíràn tó gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ yẹn. Fọ́ọ̀mù kan náà ló ń lò fún gbogbo wọn, àwọn gbólóhùn inú rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn yín. Èyí tó bá sún mọ́ ohun tó rí ló ń mú. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ọmọ yín ṣeré fi lè kọ ohun tó le bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àgàbàgebè. Bí kò bá kọ ọ́, tí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, òun ni onílé máa dì mú. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, nítorí kò sí ẹni tó fi ìwé yẹn díwọ̀n ìwà yín.

Àmọ́ inú fáìlì ló ń lọ. Bí alábòójútó tuntun bá ṣí fáìlì náà lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò gbà gbọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà; kí ọ̀rọ̀ yín náà wà níbẹ̀, kó má di pé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ yín.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wo orí ìwé náà dáadáa. Ṣé àbọ̀ àyẹ̀wò lásán ni, tàbí ìwé ìkìlọ̀ lábẹ́ òfin pé ẹ rú àdéhùn? Ìwé ìkìlọ̀ máa ń tọ́ka sí ibi tí ẹ rú nínú àdéhùn, gbèdéke rẹ̀ sì lè di ohun tí wọ́n máa gbé yẹ̀ wò níwájú adájọ́. Ní New Zealand, ó kéré tán ọjọ́ 14 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fún èèyàn láti ṣàtúnṣe. Bó bá jẹ́ ìkìlọ̀ ni, ẹ wá ẹni tó mọ òfin ilé níbi tí ẹ ń gbé lónìí, kì í ṣe ní ọjọ́ kẹtàlá. Bó bá jẹ́ àbọ̀ lásán, gẹ́gẹ́ bó ṣe jọ nínú ohun tí ẹ kọ, ọjọ́ 14 náà jẹ́ ohun tí ẹ ṣì lè bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí.

Òfin tún wà lórí bí wọ́n ṣe ń wọlé wá ṣàyẹ̀wò, ó sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní England, ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó yín létí pé àwọn ń bọ̀, lórí ìwé. Ní New Zealand, wákàtí 48. Ní New South Wales lọ́hùn-ún ní Australia, ọjọ́ 7 ni, wọn kò sì gbọdọ̀ wá ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín oṣù 12. Bí tiyín kò bá bófin mu, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọ̀tọ̀. Ẹ má fi dáhùn ọ̀rọ̀ ófùn. Ẹni tí wọ́n bi nípa ọ̀rá ófùn, tó wá ń fi òfin ìwọlé fèsì, ọ̀rá náà kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ìwé tó lágbára jù lọ́wọ́ yín báyìí ni èyí tó sọ bí ilé ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ kó wọlé. Ẹ wá a jáde, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbọ̀ yìí, ẹ wo ohun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ wo inú fóònù yín: fọ́tò ọjọ́ ìkólọ, àní fọ́tò ọjọ́ ìbí ọmọ tí kápẹ́ẹ̀tì hàn lábẹ́ rẹ̀, fóònù ti fi ọjọ́ pa mọ́ sínú rẹ̀.

Ófùn àti kíréyọ́ọ̀nù, tiyín ni. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ó parí. Kìkì pé kí ẹ rọra pẹ̀lú ògiri: ẹ kọ́kọ́ dán kànrìnkàn wò ní kọ̀rọ̀ tí kò hàn, torí pé bí ẹ bá fi agbára ha ọ̀dà tí kò dán, ojú ibẹ̀ á yàtọ̀, ìyẹn á wá di ẹ̀sùn mìíràn. Bó bá di pé kí ẹ kun ún, ẹ béèrè orúkọ ọ̀dà náà gan-an lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dà funfun kì í ṣe oríṣi kan.

Kápẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́ yóò jẹ, ẹni yòówù kó máa gbé ibẹ̀. Ogbó nìyẹn, kì í ṣe ìbàjẹ́, owó ilé tí ẹ ń san sì ti kárí rẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ bà á jẹ́ lóòótọ́, onílé kò lè gba owó tuntun lórí ògbólógbòó. Kápẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó lo ọdún 10, tó ti lo ọdún 8, ìdá méjì nínú mẹ́wàá iye rẹ̀ ló kù lára rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n yọ ju ìyẹn lọ nínú owó ìdógò yín. Torí náà, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n tẹ́ ẹ. Ìbéèrè kékeré yìí ti pa ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lẹ́nu mọ́ lójú mi.

Ẹ̀rọ omi tó ń jò, ti onílé ni, àyàfi bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ ẹ. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹlẹ́rìí pàápàá: àbọ̀ tiwọn fúnra wọn ló sọ pé ó ń jò. Bí ẹ bá ní ìwé tí ẹ fi sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ẹ fi ọjọ́ wọn síbẹ̀. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ ti sọ ọ́, ẹ wá ọjọ́ tí ẹ pè nínú fóònù. EPA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, ti ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀rọ tó ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí 11,000 lítà omi ṣòfò lọ́dún. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń san owó omi, ẹ má gbàgbé láti mẹ́nu bà á.

Ọ̀rọ̀ dúdú ara ògiri ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Onílé á ní ẹ kì í ṣí fèrèsé, ayálégbé á ní ilé ló ń jò, nígbà míì àwọn méjèèjì ló jàre. Ẹbí olú ni nǹkan dúdú yẹn, kò sì lè hù níbi tí kò sí ọ̀rinrin. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé níbo ni omi ti ń wá. Bó bá wà ní igun ògiri tó kọjú síta, ní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó fara ti ògiri, tàbí ní etí fèrèsé, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni omi ti sábà máa ń wá: èémí wa, ìkòkò tó ń hó, ìwẹ̀ gbígbóná, aṣọ tí a sá sínú ilé. Oru wọn á lọ bà lé ibi tó bá tutù jù, á sì padà di omi. Bó bá jẹ́ àmì roboto aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà ní àjà, tó ń fẹ̀ sí i bí òjò bá rọ̀, ẹ fura sí òrùlé tàbí páìpù. Bó bá ti ilẹ̀ gòkè tó nǹkan bíi mítà kan, tí iyọ̀ funfun ń yọ lára ògiri, inú ilẹ̀ ni ògiri ti ń fa omi. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí, ayálégbé kò lè fi fèrèsé ṣíṣí wò wọ́n sàn.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ gé náílọ́ọ̀nù kan, ẹ fi séló lẹ etí rẹ̀ pinpin mọ́ ògiri fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú rẹ̀ tó kọjú sí yàrá, afẹ́fẹ́ ló mú un wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló tutù, inú ògiri ni. Kì í ṣe ẹ̀rí tó lè dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ máa ń yí ohùn alábòójútó padà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin náà wúlò: EPA ní kó má tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì wà láàárín 30 sí 50 bó bá ṣeé ṣe.

Ohun kan wà tí àwa alábòójútó kì í fẹ́ sọ. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́ yàrá ni, bí fáànù tó ń fa oru síta ní balùwẹ̀ bá ti kú, tàbí tí wọ́n ti fi ọ̀dà lẹ fèrèsé pa, ẹ kò lè dá ẹ̀bi yẹn gbé. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó gbà pé ẹ̀yin lẹ fà á.

Ẹ ya fọ́tò dúdú náà kí ẹ tó nù ún. Ẹ má kun ọ̀dà lé e lórí, yóò tún hù jáde, wọn á sì sọ pé ẹ fẹ́ fi í pa mọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn ìfọ̀nù, ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí ohunkóhun tó ní amóníà nínú. Èéfín tó ń tibẹ̀ jáde lóró.

Ìdáhùn yín lè rí báyìí:

"Ẹ ṣeun fún àbọ̀ àyẹ̀wò tí ẹ fi ránṣẹ́. Ófùn: mo ti fọ̀ ọ́, fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ògiri yàrá ọmọ: mo ti nù ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ọ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ fún ibi tó kù. Kápẹ́ẹ̀tì: ìrìn ojoojúmọ́ ló jẹ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo ni wọ́n tẹ́ ẹ? Ẹ̀rọ omi: mo ti sọ fún yín ní ọjọ́ báyìí àti ọjọ́ báyìí, ọjọ́ wo ni oníṣẹ́ ń bọ̀? Ògiri yàrá mi: mo ti nù ún, mo sì ń ṣí fèrèsé, ṣùgbọ́n fáànù balùwẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹni tó máa wò ó. Ní ti gbólóhùn tí ẹ fi kádìí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ yàrá àti ohun tí ẹ ní lọ́kàn, kí n lè ṣe é. Bí kò bá sí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí àwọn tó wà lókè yìí, mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ fi lẹ́tà yìí pẹ̀lú àbọ̀ náà."

Ti fáànù yẹn, kí ẹ kọ ọ́ kìkì bó bá jẹ́ òótọ́ ni. Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ìwà yín kò dáa" nínú rẹ̀. Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ ọ́ lálẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Bó ti wù kó rí, ẹ má dá owó ilé dúró nítorí ẹ̀rọ omi. Ẹni tó ń jàre lè fi ọjọ́ kan sọ ara rẹ̀ di ajigbèsè.

Ní ti àdéhùn ọdún tó ń bọ̀, èrò tèmi ni pé àbọ̀ burúkú kan tí ẹ fèsì sí dáadáa kì í sábà lé èèyàn kúrò nílé. Ohun tó ń ba onílé lẹ́rù ni owó tó ń pẹ́ àti ẹ̀sùn kan náà tó ń padà wá ní gbogbo àyẹ̀wò. Ayálégbé tó ń dákẹ́ kì í fọkàn onílé balẹ̀ bí ẹ ṣe rò; ńṣe ni onílé máa ń rò pé kò bìkítà.

Bí ẹ bá ṣe tiyín tán, ẹ ní kí wọ́n wá wò ó tàbí kí wọ́n kọ ọ́ wá pé àwọn ti rí fọ́tò náà. Bí wọn kò bá fèsì, ẹ fi ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ lábẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn gan-an, pé ẹ ti parí tiyín ní ọjọ́ báyìí, ẹ sì ń retí oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Kí ẹ má ṣí ímeèlì tuntun, kí gbogbo rẹ̀ lè wà lójú kan bó bá di ọjọ́ tí ẹ máa gba owó ìdógò yín.