Omi mélòó ni kí n tọ́jú fún àwọn ẹran ilé kí omíyalé tó dé?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣẹrì ni mò ń gbé, lẹ́bàá odò Ògùn. Bí odò yẹn bá ti kún, omi á wọ àdúgbò wa, a ò sì ní rí omi gidi mu fún ọjọ́ mélòó kan, torí kànga àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ló máa ń kọ́kọ́ rì. Mo mọ bí mo ṣe ń ra omi pamọ́ fún àwa èèyàn. Àmọ́ mo ní ajá Alsatian kan, abo ajá ìbílẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ márùn-ún, ológbò kan, àti adìẹ mẹ́wàá tó ń yé ẹyin. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé ẹranko lè mu omi àgbàrá. Ṣé òótọ́ ni? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, omi mélòó ni kí n tọ́jú fún wọn? Ẹ bá mi ṣe é lọ́nà tó máa yé mi, mi ò mọ ìṣirò.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àmójútó àwọn ẹran yín. Kí n sọ iye rẹ̀ ná kí n tó ṣàlàyé: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin, tó kún dẹ́nu, ni kí ẹ tọ́jú fún wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, láìfọwọ́ kan omi tẹ̀yin èèyàn. Omi àgbàrá kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ohun tí ọmọ yín sọ kì í ṣe òótọ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọn omi ẹran. Wọ́n á wo ajá ńlá, wọ́n á ní eléyìí máa mu púpọ̀. Wọ́n á wo adìẹ, wọ́n á ní kí ni adìẹ fẹ́ mu? Ìwọ̀n ara ẹran, iye wọn, àti ipò tí wọ́n wà ló yẹ ká fi ṣírò. Ẹ máa rí i láìpẹ́ pé àwọn tí ẹ kò kà sí gan-an ló ń mu omi jù nílé yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí Alsatian. Ajá tí ara rẹ̀ dá, tó wà níbi tó tutù, máa ń nílò omi bíi milílítà 50 sí 60 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká mú 60, torí ó sàn kí omi ṣẹ́ kù ju kó má tó lọ. Bí ẹ kò bá mọ bó ṣe wọ̀n tó, kí ọmọ yín gbé e mọ́ra, kó gun òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èèyàn. Lẹ́yìn náà, kó sọ ajá kalẹ̀, kó dá gun ún. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, èyí tó kù ni ìwọ̀n ajá. Ti ológbò rọrùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sínú àpò ọjà, kí orí rẹ̀ wà níta.

Alsatian tó ti dàgbà sábà máa ń wọ̀n láàárín kílò 25 sí 40. Ẹ jẹ́ ká fi tiyín sí 32. 32 lọ́nà 60 jẹ́ milílítà 1,920, ó fi díẹ̀ dín sí lítà 2. Àmọ́ ìṣirò inú ibòòji nìyẹn o. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bó bá yọ ahọ́n síta tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi ara rẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn. Ẹ wá wò ó pé ẹ̀yin àti gbogbo ará ilé há sí yàrá kan lókè, kò sí iná, fáànù ò ṣiṣẹ́, irun Alsatian sì nípọn. Ẹ fi ìdajì lé e, kó di lítà 3. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, torí náà ọ̀rá mẹ́fà ni tirẹ̀ lójúmọ́. Píọ̀ wọ́tà ni màá máa fi kà á látìsinsìnyí, torí ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ nìyẹn.

Abo ajá yín ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ká ní kílò 15 ló wọ̀n. Láìsí ọmọ, milílítà 900 ti tó o, kò pé ọ̀rá méjì. Àmọ́ ó ń fún ọmọ márùn-ún lọ́mú, omi ló sì pọ̀ jù nínú wàrà tó ń fún wọn. Ajá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè mu ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ohun tó ń mu tẹ́lẹ̀, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin lẹ́yìn tó bímọ, nígbà tí wàrà ń ya jù. Ẹ ka tirẹ̀ sí lítà 3 bíi ti Alsatian, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ìdajì rẹ̀ nínú ìwọ̀n. Ọ̀rá mẹ́fà nìyẹn. Bí omi bá wọ́n ọn fún ọjọ́ kan àbọ̀, wàrà á dínkù, àwọn ọmọ ló sì máa kọ́kọ́ kú. Lára gbogbo ẹran tí ẹ dárúkọ, òun ni ẹ kò gbọdọ̀ dín omi rẹ̀ kù fún ìdí kankan.

Ológbò kílò 4 á nílò nǹkan bíi milílítà 200, bó bá sì móoru, 300. Ọ̀rá kan ti pọ̀ tó. Wàhálà tirẹ̀ ni pé kì í fẹ́ mu ún. Inú aṣálẹ̀ ni ìran ológbò ti wá, òǹgbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n, kódà nígbà tí omi ara wọn ti ń lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá bọ ẹja, ẹ bu omi rẹ̀ fún un nígbà tó bá tutù, ṣùgbọ́n kó má ní iyọ̀, kó má sì ní àlùbọ́sà rárá, torí májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ológbò àti ajá. Bó bá jẹ́ akọ ni, tí ẹ rí i tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń tiraka láti tọ̀, tí nǹkan ò jáde, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wá dókítà ẹranko.

Ó wá kan adìẹ. Adìẹ kan tó ń yé ẹyin máa ń mu bíi milílítà 250 lójúmọ́, bí ooru bá sì mú, ó lè tó 500. Mẹ́wàá ni tiyín, lítà 5 nìyẹn, ọ̀rá mẹ́wàá. Ẹ rí i pé àwọn adìẹ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ mu tó ajá méjèèjì pọ̀. Adìẹ kò sì lè fara da òǹgbẹ: bí wọn ò bá rí omi mu fún odindi ọjọ́ kan, ẹyin á já wálẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó padà sípò.

Ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. Mẹ́fà ti Alsatian, mẹ́fà ti ìyá ọmọ, ọ̀kan ti ológbò, mẹ́wàá ti adìẹ: ọ̀rá 23 lójúmọ́, ìyẹn lítà 11 àbọ̀. Ní ọjọ́ méje, ó di lítà 80 àbọ̀. Mo wá fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, torí ajá máa fi ẹsẹ̀ ta abọ́, adìẹ máa da ti wọn nù, ẹ sì máa fi díẹ̀ ṣan abọ́. Ó wọ lítà 97. Ibẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ti jáde. Bó bá jẹ́ píọ̀ wọ́tà ni ẹ fẹ́ rà, àpò mẹ́wàá ni, tí àpò kọ̀ọ̀kan bá ní ogún ọ̀rá bó ṣe yẹ.

Ohun kan wà tó lè yí ìṣirò yìí padà, tí àwọn èèyàn kì í rántí. Bí àwọn ajá yín bá ń jẹ ìrẹsì, ẹ̀bà tàbí àmàlà tó ṣẹ́ kù, wọ́n ti ń rí omi púpọ̀ nínú oúnjẹ yẹn, torí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ omi. Nígbà omíyalé, ẹ ò ní lè dáná dáadáa, ẹ máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oúnjẹ gbígbẹ inú àpò. Nínú gíráàmù 100 irú oúnjẹ yẹn, omi tó wà níbẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 10 lọ. Ẹ máa rí i pé wọ́n ń mu ju bí wọ́n ṣe ń mu tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì túmọ̀ sí pé àìsàn ń ṣe wọ́n. Ìdí yẹn náà ni mo ṣe mú 60 dípò 50. Ẹja gbígbẹ oníyọ̀ ni kí ẹ má fún wọn rárá lásìkò yẹn.

Ìṣirò tèmi yìí, ti gbogbo ajá ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti ajá tiyín gan-an, ẹ ṣe é báyìí nígbà tí omi ṣì wà. Láàárọ̀, ẹ já ọ̀rá mẹ́fà sínú abọ́ tó wúwo tí kò lè dà á nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi ike wọn èyí tó kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé kò rí ibòmíràn mu, bóyá garawa ẹ̀yìnkùlé tàbí omi tí wọ́n fi fọ abọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń mu ju milílítà 100 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, tí kì í ṣe ooru, tí kì í sì í fọ́mọ lọ́mú, ẹ gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ kíndìnrín, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó sì lè jẹ́ pé ilé ọmọ abo ajá ti ń kẹ̀. Mo ti rí ajá tó jẹ́ pé wíwọn omi abọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé kò gbádùn, oúnjẹ rẹ̀ ò tíì dínkù nígbà yẹn.

Ó wá ku omi àgbàrá tí ọmọ yín sọ. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó gbọ́. Omi tó wọ àdúgbò yín ti la ṣálángá kọjá, ó ti la ààtàn kọjá, ọjà màlúù Kara sì wà létí odò yẹn gan-an. Ìtọ̀ eku máa ń wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò tó ń fa àrùn leptospirosis máa ń gbé. Ó ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́. Èyí tó burú jù ni pé ajá tó bá ní in máa ń tọ̀ ọ́ jáde, èèyàn tó bá fọwọ́ kan ìtọ̀ náà lè kó o, àgàgà bí egbò bá wà lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà fún ajá, ọdọọdún la sì ń gbà á. Ẹ jẹ́ kí Alsatian yín gbà á kí òjò tó wọlé. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa ti ìyá ọmọ, kó tó gún un lábẹ́rẹ́ náà. Bí ẹ bá sì se omi àgbàrá, kòkòrò lè kú, àmọ́ epo mọ́tò àti karosíìnì tó dà sínú rẹ̀ kò ní lọ.

Omi òjò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé dáadáa kí ẹ tó gbé garawa síbẹ̀. Ẹ lè fi fọ abọ́ àti ilé adìẹ láìsí wàhálà. Bí wọ́n bá fẹ́ mu ún, ẹ sè é kó hó dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù.

Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta òróró dára bí ẹ bá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí òórùn fi kúrò. Èyí tí wọ́n ti rọ bẹntiróòlù tàbí oògùn apakòkòrò sí rí, ẹ má fi tọ́jú omi láéláé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pọn ọ́n sára rẹ̀, ẹ gbé e sókè níbi tí oòrùn kò sí, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Píọ̀ wọ́tà náà, ẹ má tò ó sínú oòrùn.

Èrò tèmi nípa adìẹ nìyí, ẹ̀yin lẹ ni ìpinnu. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni dáàmù Ọ̀yán sábà máa ń tú omi púpọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn, ẹ kó àwọn adìẹ lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó wà níbi tó ga, tàbí kí ẹ tà wọ́n. Omi tí ẹ máa nílò á bọ́ sí kẹ́ẹ̀gì méjì àti ìdajì àpò píọ̀ wọ́tà. Ó rọrùn láti gbé adìẹ ju láti gbé omi wọn gòkè lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti ń tán lára ajá, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ fi ìka kan erìgì rẹ̀. Ó yẹ kó tutù, kó máa yọ̀. Bó bá gbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, omi ti dínkù lára rẹ̀. Ẹ tún fa awọ èjìká rẹ̀ sókè, kí ẹ jù ú sílẹ̀: bí kò bá tètè padà, ọ̀rọ̀ ti le. Irú ajá bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé abọ́ tó kún síwájú rẹ̀, torí ó máa gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bì í. Díẹ̀díẹ̀ ni, bíi ìdajì ife kékeré ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, títí dókítà á fi rí i.

Àwọn ọmọ ajá yín kò tíì sí nínú ìṣirò mi, torí ọmú ni wọ́n ń mu. Bí wọ́n bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí omi tó dé, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi fúnra wọn. Ẹ fi ọ̀rá méjì kún ti ojoojúmọ́ nítorí wọn, kí ẹ sì fi ìdajì àpò píọ̀ wọ́tà lé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin yẹn.