Béèsì Mi Ń Dún Bí Páànù, Okùn Wo Ni Kí N Rà?

Ẹ̀gbọ́n Oní-béèsì ń dáhùn lẹ́tà yín láti Ilé-Ifẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni mò ń gbé, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Iléṣà ni mo ti ń ta béèsì, olókùn mẹ́rin ni gìtá mi. Mo ra okùn tuntun sí i lóṣù tó kọjá, látìgbà yẹn ló ti ń dún ṣáńṣáń bí ẹni ń da òkúta sórí páànù, bí mo bá dẹ̀ ti fa ìka láti ibì kan síbì kan á han nínú spíkà bí èkúté, àwọn akọrin ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ohùn tó kún tó dẹ̀ rọ̀ ni mo fẹ́, irú èyí tó wà nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú àtijọ́ tí bàbá mi ní. Ẹnì kan ní kí n ra flatwound, ẹlòmíì ní kí n má dán an wò. Èwo ni ṣíṣe? (Oní-béèsì tọ́rọ̀ sú)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú ìfaradà àwọn akọrin, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ò ní gbọ́ báwọn ṣe ń han. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kẹ̀! Ìlú I.K. Dairo, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE lọ́dún 1963, orin jùjú ló dẹ̀ gbé e débẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ò wá gbọdọ̀ ta béèsì kó máa dún bí páànù.

Gbé gìtá yẹn sọ́wọ́, fi èékánná họ okùn tó nípọn jù lọ síwá-sẹ́yìn. Ó dún kríìì, àbí? Wáyà kan wà láàárín okùn yẹn, wọ́n wá fi wáyà mìíì wé e lára látòkè délẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi òwú dì irun ọmọdébìnrin. Bí wáyà tí wọ́n fi wé e bá rí roboto, ara ẹ̀ á rí gegele-gegele, ìyẹn ni roundwound, òun lo rà, òun lo dẹ̀ fi èékánná họ yẹn. Bó bá jẹ́ wáyà pẹlẹbẹ bíi ríbọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wé e, ara ẹ̀ á máa dán, ìka á kàn máa yọ̀ lọ lórí ẹ̀ ni, ìyẹn ni flatwound. Half-round wà láàárín àwọn méjèèjì, roboto ni wáyà ẹ̀ tẹ́lẹ̀ àmọ́ wọ́n á lọ̀ ọ́ lórí kó lè tẹ́.

Ohùn ńkọ́? Okùn tó nípọn jù lọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní E, bó o bá ta á láìtẹ̀ ẹ́, á gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìpìlẹ̀ ohùn nìyẹn, àmọ́ àwọn ohùn wẹ́wẹ́ mìíì máa ń gun orí ẹ̀, àwọn yẹn ló ń ṣe ṣáńṣáń sí ẹ létí. Roundwound tuntun, ìyá ìlù tí ṣaworo kún etí ẹ̀ ni. Flatwound, ìlù yẹn náà ni, wọ́n kàn já ọ̀pọ̀ nínú ṣaworo ẹ̀ dànù.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohùn tó o ń sá fún yẹn, àwọn kan wá a títí kí wọ́n tó rí i. Nígbà tí iléeṣẹ́ Fender gbé gìtá béèsì wọn tó ń jẹ́ Precision Bass jáde lọ́dún 1951, okùn pẹlẹbẹ yẹn ni béèsì ń lò, ọdún 1966 ni iléeṣẹ́ Rotosound nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó ti John Entwistle, oní-béèsì ẹgbẹ́ The Who, tí wọ́n jọ ṣe roundwound tó ń dún gooro bíi dùùrù, làwọn ọ̀dọ́ bá gbá tọ̀ ọ́. Ní Detroit nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, James Jamerson, tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown, ò tẹ̀ lé wọn o, flatwound La Bella ló ń lò, èyí tó nípọn gan-an, láti 52 dé 110 (ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì ni wọ́n fi ń wọn ìnípọn okùn), ìka kan ṣoṣo ló dẹ̀ fi ń ta á, kì í pààrọ̀ okùn àfi tó bá já. Òógùn àti ìdọ̀tí inú ẹ̀, ó ní wọ́n wà lára ohùn òun.

Nítorí náà tó o bá ní kí n sọ tèmi, flatwound ni. Àmọ́ má tíì náwó.

Kọ́kọ́ yí bọ́tìnnì tone wálẹ̀ dé ìdajì, mo ti rí àwọn tó ti ta béèsì fọ́dún márùn-ún tí wọn ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn rí. Kó o wá sún ọwọ́ ọ̀tún kúrò nídìí bírííjì, ìyẹn irin tí okùn so mọ́ lára gìtá, gbé e sún mọ́ ọrùn gìtá, wàá rí i pé ohùn á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà gé fóòmù kékeré, èyí tí wọ́n fi ń fọ abọ́ yẹn náà dáa, kí o fi há abẹ́ okùn nídìí bírííjì, má jẹ́ kó fún jù, kó kàn fara kàn án. Ohùn á máa gé pù, pù, pù, bí agídìgbo, òun náà kúkú ló ń ṣiṣẹ́ béèsì nínú àpàlà. Tún wo páálí okùn tó o rà, bó bá jẹ́ stainless steel ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ló máa ń mú jù létí, èyí tí wọ́n kàn fi nickel bò lára rọ̀ díẹ̀ jù ú lọ, èyí tó jẹ́ nickel lásán ló dẹ̀ rọ̀ jù nínú àwọn roundwound.

Bí ò bá tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, wá ra flatwound. Owó ẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì ti roundwound tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ á bá ẹ lò ó fọ́dún. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ látorí roundwound, 45 sí 100 tàbí 105 ló máa bá a lọ́wọ́ mu, má lọ ra ti Jamerson, ọrùn gìtá lè tẹ̀. Gbogbo flatwound kọ́ ló rí bákan náà o: D'Addario Chromes le lọ́wọ́ ó dẹ̀ ń dún yéké, Thomastik Jazz Flats láti Austria rọ̀ lọ́wọ́ bí ọ̀rá. Èyíkéyìí tó o bá gbé sí i, bí okùn bá ga jù tàbí tó ń gbá irin ọrùn gìtá, gbé e lọ fún ẹni tó mọ truss rod, irin inú ọrùn gìtá, yí, má fi tipátipá yí i fúnra ẹ.

Nǹkan kan kù. Bí spíkà ṣọ́ọ̀ṣì yín bá ń kùn gbùùù tẹ́lẹ̀, tí ọwọ́ òsì oní-kíbọ́ọ̀dù yín ò dẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́ (èwo nínú wọn ni tiẹ̀ lè jókòó), flatwound lè rì síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ẹ. Bá a sọ̀rọ̀ ná.

Bó o bá dẹ̀ ń rà, ẹni tó máa jẹ́ kó o tú páálí wò ni kó o rà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti ra okùn olórúkọ ńlá rí ní ṣọ́ọ̀bù kan, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dípẹtà, okùn A ò dẹ̀ bá ara ẹ̀ mu láti ìsàlẹ̀ dókè, mo padà lọ, ọ̀gá náà ní òógùn ọwọ́ mi ló le.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní èèyàn lè se okùn béèsì lórí iná kó tún padà dáa, ṣé òótọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, mo ti sè é rí nílé mi ní Lágere. Mo ká roundwound mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìkòkò, omi hó lé e lórí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rá dúdú kan léfòó sókè, ìyàwó mi yọjú, ó ní ọbẹ̀ kí lèyí, látọjọ́ yẹn ìkòkò náà ti di tèmi. Ohùn padà sí tuntun lóòótọ́, àmọ́ kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó tún kú. Ṣó o rí i, ìdọ̀tí tí omi ń yọ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ohùn rọ̀, tó bá jẹ́ ohùn rírọ̀ lo ń wá, má sè é. Tó o bá ṣì máa sè é, nù ún gbẹ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dípẹtà láti inú.

ÌBÉÈRÈ: Béèsì olókùn márùn-ún ni tèmi, ẹ̀gbọ́n, ṣé flatwound bá a mu? (Oní-béèsì, Òkè-Ìrẹsì)

ÌDÁHÙN: Ó bá a mu, àmọ́ odidi ti olókùn márùn-ún ni kó o rà, má ra mẹ́rin kó o wá fi B ibòmíràn kún un, ohùn wọn ò ní ṣe ọ̀kan. B yẹn, okùn karùn-ún tó nípọn jù, lọ sílẹ̀ dé bí ìgbà 31 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lè máa kùn bí ẹni tí òtútù mú, spíkà kékeré ò dẹ̀ lè gbé e. Tó o bá ń so ó, fi nǹkan bí ínǹṣì mẹ́rin sílẹ̀ kọjá òpó tí wàá we okùn mọ́, kọ́kọ́ tẹ okùn níbẹ̀ kó ká dáadáa kó o tó gé e níwájú ibi tó ká, tó o bá gé e lásán wáyà ìta lè tú, owó ẹ dẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn.